Ká kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ká tó japa, àbí ká lọ kọ́ ọ lókè òkun?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ Sátidé kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èsì WAEC mi ti jáde, ó dáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London lòun ti máa lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní tòun. Ṣé kémi náà máa bọ̀ lọ́hùn-ún ni, àbí kí n ra fọ́ọ̀mù JAMB?"

Mo ní kó jẹ́ n sùn ná. Nígbà tí mo jí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí èèyàn ń fi ohùn ìṣẹ́jú méjì dáhùn, mo bá jókòó kọ ọ́. Ẹ mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ o: ilé ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ọsibítù ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìlú Ọba ni mo wà báyìí. Èmi ò ní fi ibi tí mo dúró sí pa mọ́. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro nínú ilé yín, ẹ kọ́ ọ nílé kí ẹ tó lọ. Jámánì nìkan ló lè mú mi yí ohùn padà, mo máa débẹ̀.

Ta ló ń sanwó fún ta?

Ìyàtọ̀ tó ju gbogbo ìyàtọ̀ lọ nìyí. Ẹni tó bá lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, òun ló ń sanwó fún wọn. Ẹni tó bá kọ́ ọ tán nílé kó tó lọ, àwọn ló ń sanwó fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìlú Ọba ṣírò. Ọdún mẹ́ta ni dìgírì nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Owó ilé ìwé fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà dín ní £15,000 lọ́dún, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ti kọjá £20,000. Kí wọ́n tó fún ọmọ ní físà, ó máa fi hàn pé owó oúnjẹ àti owó ilé wà nílẹ̀: £1,529 lóṣù fún London, £1,171 fún ibòmíràn, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kà. Ìyẹn ni pé ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ ò sí ní London gbọ́dọ̀ ní £10,539 ní báǹkì, kó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìdín. Owó ìlera £776 lọ́dún ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ onílùú tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní England ń gba ìrànwọ́ £5,000 lọ́dọọdún lọ́wọ́ ìjọba, kì í sì í dá a padà. Wọn ò ka àwa mọ́ ọn.

"Mo máa ṣiṣẹ́ fi ran ara mi lọ́wọ́." Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà wọ́n láyè láti fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ìwé bá wà nínú táàmù. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń béèrè wákàtí 2,300 lẹ́nu iṣẹ́, láìsí owó oṣù kankan, àti 2,300 míì nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún tó kọjá, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó máa ń ṣe wákàtí méjìlá pẹ̀lú wa lọ́sàn-án, á sì tún gba iṣẹ́ care lọ, títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ nínú bọ́ọ̀sì, gáréèjì tí bọ́ọ̀sì ń sùn sí ló ti jí, dírẹ́bà ló gbọ̀n ọ́n. Ó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀.

Ẹ wá wo apá kejì. Ẹni tó ti ní RN, ìyẹn láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, nílé á san £140 fún NMC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba kí wọ́n lè yẹ ìwé rẹ̀ wò. Á san £83 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT, ilé ló ti máa ṣe é. Á ṣe IELTS tàbí OET, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. 7 ni wọ́n fẹ́ nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ ti IELTS, 6.5 nínú kíkọ. Bó bá ríṣẹ́, ó máa fò, á wá ṣe OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe, tó jẹ́ £794 níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló sì ń bá òṣìṣẹ́ wọn san ìyẹn, pẹ̀lú owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìgbà àkọ́kọ́. Owó oṣù ti ń wọlé kó tó gba PIN, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí NMC ń fún nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Tí PIN bá jáde, ó bọ́ sí Band 5 nìyẹn, ìpele owó oṣù nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní NHS, àwọn ọsibítù ìjọba wọn: £31,049 lọ́dún ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní England ní 2025/26. London máa ń fi díẹ̀ kún un, ilé gbígbé ibẹ̀ á sì gbà á padà.

Kò sí bí mo ṣe lè yí ìṣirò yìí tí kò ní já síbì kan náà.

Àkókò ńkọ́?

Ní ti àkókò, òkè òkun ló borí, mi ò ní purọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó bá wọ yunifásítì ní Ìlú Ọba ti di nọ́ọ̀sì lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún. Tiwa nílé: ọdún márùn-ún fún BNSc (dìgírì nọ́ọ̀sì), internship ọdún kan, NYSC ọdún kan, ASUU ò sì tíì dá tirẹ̀ sí i o. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlànà tí Council tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé, ní Àbújá, gbé jáde ní February 2024 tún dúró lójú ọ̀nà: ọdún méjì gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn tí ẹ bá gba láísẹ́ǹsì gan-an kí wọ́n tó bá yín fi verification, ẹ̀rí pé òótọ́ ni láísẹ́ǹsì yín, ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè míì. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ń wọ ilé ìwé.

Ọdún méjì yẹn kì í ṣe òfò pátápátá, bínú bá ń bí mi sí i náà. Mo ti fi iná fóònù wá iṣan lápá ọmọ ọlọ́dún méjì nígbà tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń bá mi di fóònù mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, iná náà ń gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ibí tí wọ́n ní kí n wá gba ẹ̀jẹ̀ lára bàbá kan tí iṣan rẹ̀ ò hàn, ọ̀gá wọ́ọ̀dù bi mí níbo ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun náà á mọṣẹ́, àmọ́ kò ní tíì rí irú ìyẹn.

Ohun kan sì wà tí àwọn tó ń polówó ilé ìwé òkè òkun kì í sọ. Pé ẹ kàwé níbẹ̀ ò sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ ríṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2025, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé nọ́ọ̀sì ní England ń wá ipò Band 5 kiri débi pé ìjọba ní láti ṣèlérí fún wọn ní August ọdún náà pé àwọn á wá nǹkan ṣe sí i. Onílùú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tiwa, tí agbanisíṣẹ́ tún máa fi ìwé dúró fún, ń dù ú pẹ̀lú wọn. Ọdún méjì ni físà tí wọ́n ń fún ẹni tó kàwé tán kó lè fi wáṣẹ́, oṣù 18 ló sì máa jẹ́ fún àwọn tó bá béèrè fún un láti January 1, 2027.

Àwọn ìyá wa àgbà máa ń sọ pé láyé àwọn, wọ́n kàn kọ lẹ́tà sí ọsibítù nílùú òyìnbó ni. Òótọ́ ni. Kofoworola Abẹ́ní Pratt lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London ní 1946, ó padà wálé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù UCH Ìbàdàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló gba ọ̀nà ibẹ̀. Àmọ́ nígbà yẹn, ọsibítù ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá, ó ń bọ́ ọ, ó sì ń fún un lówó díẹ̀ lóṣù torí pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ọ̀nà yẹn ti dí ní Ìlú Ọba. Ibi tí mo ti rí nǹkan tó jọ ọ́ lónìí ni Jámánì.

Jámánì: ọ̀gá tó ń sanwó fún ọmọṣẹ́

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fẹ́ kọ́ télọ̀ ló ń fún ọ̀gá lówó. Á gbá ṣọ́ọ̀bù, á pọnmi, á gbé ọmọ ọ̀gá re ilé ìwé, títí dọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Ní Jámánì, ọ̀gá ló ń fún ọmọṣẹ́ lówó. Ausbildung ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́ta ni ti nọ́ọ̀sì: wákàtí 2,100 nínú kíláàsì, 2,500 lẹ́nu iṣẹ́. Láti 2020 ni wọ́n ti pa ẹ̀kọ́ títọ́jú arúgbó àti ti ọsibítù pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí owó ilé ìwé ní ibi tó pọ̀ jù, ọmọ ọdún kìíní ní ọsibítù ìjọba sì ń gba ohun tó lé ní €1,300 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó tó yàrá, ó tó oúnjẹ. Ẹni tó bá ń retí pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé nínú rẹ̀, kó fọkàn balẹ̀ ná.

Tí ẹ bá wá ṣe tán tí ẹ ríṣẹ́, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ti tó láti béèrè fún ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí, tí àwọn nǹkan yòókù bá pé. Láti June 2024, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó lè di ọmọ ìlú, wọn ò sì ní kí ẹ ju ti Nàìjíríà nù. Ẹ fi wé Ìlú Ọba, níbi tí ìjọba ti kéde ní May 2025 pé àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún tí èèyàn fi ń dúró de ìwé ìgbélùú di mẹ́wàá.

Kí ló dé tí gbogbo ayé ò wá sáré lọ Jámánì? Èdè ni. Nínú ìpele mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè, B2, ìkẹrin, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ọsibítù ń béèrè; B1, ìkẹta, lè gbé yín wọ ibòmíràn, àmọ́ ẹ máa jìyà rẹ̀ nínú kíláàsì. Ọdún kan gbáko ni kíkọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fún ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn. Àwa tí "ó" kan ṣoṣo ń bá ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga sọ̀rọ̀, a dé ibi tí tábìlì ti jẹ́ akọ, tí ilẹ̀kùn jẹ́ abo, tí ọmọdébìnrin fúnra rẹ̀ ò wá sí níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí IELTS mi tó jáde. Mi ò kọjá orúkọ ọjọ́ àti iye owó tòmátì.

Ẹni tó ti jẹ́ RN náà lè lọ Jámánì. Wọ́n á yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, wọ́n á kọ ohun tó kù síwèé fún un, á sì yàn bóyá òun fẹ́ ṣe ìdánwò tàbí òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù mélòó kan sí i lẹ́nu iṣẹ́. Títí dìgbà yẹn, igbákejì nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn tí mo mọ̀ tó gba ibẹ̀ lọ ń ráhùn pé ìwẹ̀ àti yíyí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ló gba gbogbo ọjọ́ àwọn, pé dókítà ló ń gba ẹ̀jẹ̀, dókítà ló ń fi abẹ́rẹ́ sí iṣan. Ẹni tó ti ń dá wọ́ọ̀dù ṣe nílé lè rò pé wọ́n rẹ òun sílẹ̀. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé girama, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọ́ọ̀dù ṣe, kò sí ohun tó máa dùn ún níbẹ̀.

Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní ṣókí

Owó Amẹ́ríkà ló ga jù: ìdajì àwọn RN ibẹ̀ ń gbà ju $93,600 lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba wọn ti May 2024. Ẹwà ọ̀nà RN ibẹ̀ ni pé green card, ìwé ìgbélùú wọn, ni wọ́n fi ń gbé yín wọlé, ẹ̀yin, ọkọ tàbí ìyàwó, àtàwọn ọmọ tí kò tíì pé 21. Ṣùgbọ́n ní December 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn dá físà akẹ́kọ̀ọ́ àti físà ẹni tó fẹ́ wá gbé ìlú àwọn dúró fún ọmọ Nàìjíríà, láti January 1, 2026. Ẹni tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà láìkọ́kọ́ mẹ́nu ba èyí, nǹkan ló fẹ́ tà fún yín.

NCLEX, ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà, ò torí ìyẹn di asán, torí Kánádà náà ń lò ó fún RN láti 2015. Ìdánwò náà le lọ́nà tirẹ̀: ìbéèrè 85 ló kéré jù, 150 ló pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á sì kàn dákẹ́ mọ́ yín lójú nígbà tó bá ti mọ ibi tí ẹ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan, tiẹ̀ dákẹ́ ní 85, ó sunkún títí dé ilé. Ó yege.

Kánádà dára fún RN tó ní sùúrù, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, àyẹ̀wò ìwé sì máa ń pẹ́. Láti 2023 ni wọ́n ti ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́tọ̀ nínú Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé ìlú wọn, èèyàn sì lè gba ibẹ̀ láìní agbanisíṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Fún ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé, ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báǹkì láti September 2025 jẹ́ $22,895 ti Kánádà fún ẹnì kan, láìka owó ilé ìwé.

Ìdílé

Fún ẹni tó ti lọ́kọ tàbí láya, ìyàtọ̀ ibí yìí nìkan lè parí ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ò lè mú ọmọ tàbí ọkọ wá. Láti January 2024, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ bíi PhD àti àwọn tí ìjọba ń sanwó ẹ̀kọ́ wọn nìkan ló kù tí wọ́n gbà láyè. Òṣìṣẹ́ care náà ò lè mú ẹnikẹ́ni wá láti March 2024, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ láti July 2025. Nọ́ọ̀sì tó gba PIN ṣì lè mú ìdílé rẹ̀ wá.

Ọmọláńgidi tó ń jẹ́ orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí OSCE, torí pé òun ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ nílé ń bẹ̀rù jù. Ibùdó mẹ́wàá ni. Ní òmíràn, ọmọláńgidi ló máa dùbúlẹ̀ níwájú yín, ẹ sì máa kí i. Ẹ máa sọ orúkọ yín fún un, ẹ máa bi í bó ṣe fẹ́ kí ẹ máa pe òun, ẹ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ máa wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ ò gbà. Èmi tí mo ti fún èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lábẹ́rẹ́, fífọ ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ gbàgbé. Mo fìdí rẹmi ní ibùdó kan, mo san owó àtúnṣe, mo padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà yín láyè lórí ìwé kan kí ẹ tó dúró fún oṣù mẹ́fà.

Ohun tí wọ́n ń wò gan-an kì í ṣe ọwọ́ yín. Bóyá ẹ ka aláìsàn sí ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n láti ọdún kìíní. Àwa gbọ́dọ̀ kọ́ ọ tuntun, ó sì ní ibi tó ti ń dùn wá. Bàbá ẹni ọdún 88 kan ní kí n máa pe òun ní John. Ọ̀sẹ̀ méjì ni "sir" fi ń bọ́ lẹ́nu mi, tí òun náà ń sọ pé, "John, dear, John." Lọ́jọ́ tí mo pe John lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkọsẹ̀, eékún mi ṣì tẹ̀ díẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn tó ń gbowó lọ́nà

Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí Ìlú Ọba fi sí red list, ìyẹn ni pé ọsibítù tàbí agency wọn ò gbọdọ̀ wá kó nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè kọ ìwé iṣẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì n'Íkẹjà tó ní NHS ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, irọ́ ló ń pa. Agency tó bá tẹ̀ lé òfin wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ torí pé ó bá a wáṣẹ́. Èmi náà ti sanwó fún ọkùnrin kan ní Ìbàdàn rí kó lè "bá mi wá fọ́ọ̀mù NMC." Fọ́ọ̀mù náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí i. Ẹ ka ìwé àdéhùn agbanisíṣẹ́ náà dáadáa, pàápàá ibi tó sọ iye tí ẹ máa dá padà tí ẹ bá kúrò kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Mo ní kó ra JAMB. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì lóṣù kan náà, kó fún un ní ọdún kan. Bí ó bá rí B1 kó tó wọ yunifásítì, a ó tún jókòó sọ̀rọ̀. London tààrà, mo ní kò sí lọ́dọ̀ wa, àfi tí bàbá rẹ̀ bá rí ilẹ̀ tà, bàbá rẹ̀ ò sì nílẹ̀.

Mo wá ní kó ya fọ́tò ìwé rẹ̀ gbogbo kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ìbí: Olúwadámilọ́lá. WAEC: Damilola. NIN: Oluwadamilola, orúkọ bàbá ló ṣáájú. Orúkọ mẹ́ta fún ọmọ kan, ẹni tó máa yẹ ìwé wò lókè òkun ò sì mọ̀ pé Dámilọ́lá ni Olúwadámilọ́lá. Tèmi gba oṣù mẹ́rin, affidavit méjì, àti ìpolówó nínú ìwé ìròyìn kí Council tó gbà pé èmi kan náà ni. Mo ní kó lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kó tó kọ orúkọ kankan sórí fọ́ọ̀mù JAMB.